Aṣọ Tí A Gé fún Ìbejì

Bí a bá ń ránṣọ fún ìbejì, a kì í gé ti ọ̀kan kí a tó gé ti èkejì. Ńṣe la máa ń ká aṣọ náà sí mẹ́rin, a ó tẹ́ pátánù lé e, a ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, a ó sì gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọwọ́ bá ti gbọ̀n lára ọ̀kan, ibẹ̀ náà ló ti máa gbọ̀n lára èkejì. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kò dára kí aṣọ ọ̀kan máa dúró de ti èkejì. Ní tèmi, mo gbà á nítorí pé ó ń dín iṣẹ́ kù. Ìdí méjèèjì kò ta ko ara wọn, nítorí náà n kò bá a jiyàn.

Mo ti parí yunifásítì nígbà náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀yọ́, mò ń wá iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orí fóònù ni mo ti ń rí pátánù aṣọ ọmọdé. Mo máa ń tún un yà sórí bébà àpò sìmẹ́ǹtì, nítorí pé bébà yẹn kì í tètè ya, màá sì fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri. Ègé aṣọ tó bá ṣẹ́ kù ni mo fi ń rán nǹkan ìṣeré: erin, ehoro, ẹja. Àwọn aládùúgbò ń rà á. N kò ní sọ pé mo kà á sí iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí n jókòó lásán lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nílé ọkọ. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, ìdílé Onítẹ̀bọmi sì ni wọ́n láti ayé bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, bóyá la fi rí aṣọ kan lára wọn tí kì í ṣe èmi ni mo rán an. Bí mo bá lọ wọ̀n wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń fi téèpù wọ̀n. N kò ní sọ pé wọn kò ní ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó kọ́kọ́ dé máa ń la ojú gbòòrò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn. Èyí tó tẹ̀ lé e máa ń fa ètè rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n téèpù kò rí ìyẹn.

Ọ̀sán kan báyìí, bí ọdún Kérésì ṣe ń sún mọ́lé, mo gé gáùn ọdún wọn. Aṣọ búlúù ni, tó ní òdòdó funfun wínníwínní. Mo ń ṣa àwọn ègé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ìyá mi dún. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Èyí tó kọ́kọ́ dé ti lọ sọ́jà."

Ní ìdílé tiwa, ẹnu kì í gbà á kí a sọ pé ìbejì kú. Ọjà la máa ń sọ pé ó lọ, kí èyí tó kù má baà gbọ́ kó fẹ́ tẹ̀ lé e. Ibà ni, kò sì pẹ́ lára rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyá mi sọ. Síbẹ̀ mo rí i pé ọwọ́ mi kò dúró, mo ṣì ń to apá aṣọ lé apá aṣọ.

Kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọkùnrin ìdílé ti ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bàbá àti ìyá kì í mọ ibi tí a tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè. Ó na ẹsẹ̀ lórí ẹní, ó gbé èyí tó kù lé itan kan. Itan kejì ṣófo. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọlé ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Olúwa á dá èyí tó kù sí." Wọn kò yí orúkọ náà padà. Kò sí ẹni tó ń yí i padà.

Lẹ́yìn tí a padà sí Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ aṣọ bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, ọmọ náà sì ń dàgbà. Aṣọ rẹ̀ àtijọ́ kò bo ikùn mọ́, apá rẹ̀ ti dúró sí ìgúnpá. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà kí a wọ nǹkan tuntun fún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ra súwẹ́tà; ẹ̀gbọ́n mi ká a dáadáa, ó dá a padà. Ọkọ rẹ̀ ra òmíràn, ìyẹn náà kò kúrò nínú ọ̀rá. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: "Ohun tí mi ò bá ṣe fún èkejì rẹ̀, mi ò ní ṣe fún un." Ikọ́ wá wọ ọmọ lára. Nínú fóònù, a máa ń gbọ́ ọ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ pe ìyá mi. "Ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Èyí tó kù ńkọ́? Ṣé kí òtútù gbé òun náà lọ ni?"

Ìyá mi ti mọ ohun tí a ó ṣe. Ó ní kí n rán gáùn méjèèjì bí mo ṣe gé e, kí n sì rán ọmọlángidi kan tó máa wọ èkejì. Ó pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kó lè gbà. Ó tan sípíkà fóònù, ó gbé e sórí tábìlì, nítorí náà mo gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá tó bí bàbá mi fi sun ère ilé wa. Mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa gbé e padà wọlé."

"Ta ló dárúkọ ère? Nǹkan ìṣeré ọmọ ni. Àbí wọn kì í ra bèbí fọ́mọ ní ìjọ yín ni?"

"Màmá, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀fun. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yẹ̀ wò. Bí a bá ń wẹ nǹkan, tí a ń fún un lóúnjẹ, tí a ń tẹ́ ẹ sùn, ère ni, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ aṣọ. Bí ọmọ bá ń wọ́ ọ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, nǹkan ìṣeré ni. Lójú tèmi, ìlò ló máa sọ irú ohun tó jẹ́, a kò sì lè mọ ìlò kí a tó rán an. Nítorí náà mo pe ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀.

"Aṣọ ọdún yẹn," ó ní, "ṣé o ti gé e?"

"Mo ti gé e."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì ni."

"Rán an."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa wọ èkejì?"

Ọmọ wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè é títí ó fi dákẹ́. "Mo ní kí o rán méjèèjì."

Pátánù ọmọlángidi tí mo ní kò ju ọwọ́ kan lọ ní gígùn. Aṣọ ọmọ gidi kò lè dúró lára rẹ̀. Nítorí náà mo fi ìwọ̀n ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi tún pátánù náà yà: èjìká, apá, àyà, ìbàdí. Mo fi ègé aṣọ àti fóòmù kún inú rẹ̀, mo sì fi ọ̀rá ìrẹsì kékeré kan sí ìdí rẹ̀ kó lè jókòó. Nígbà tó kan ojú, mo yàn pé kó pa ojú dé, nítorí pé ìlà tó tẹ̀ ló rọrùn jù láti fi abẹ́rẹ́ yà. Mo wọ gáùn náà fún un. Ó bá a mu gẹ́lẹ́.

Ìyá mi wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Ó tóbi," ó ní.

"Aṣọ ló tóbi, mà."

Ó wọ yàrá lọ.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo gbé ọmọlángidi náà sínú ọ̀rá, orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgúnpá gún mi. "Ìyá ọmọ! Ẹ ti pa ọmọ o! Ta ló ń kó ọmọ sí ọ̀rá?"

"Ọmọlángidi ni, mà."

Ó tẹ imú ọmọlángidi náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Haà, ẹ gbà mí! Ẹ wo nǹkan! Mo ti fẹ́ kígbe pé kí dírẹ́bà dúró."

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre," ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn. "Òun nìkan ni kò sunkún nínú ọkọ̀ yìí."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn díẹ̀, kí n má parọ́. Mo gbà á bí ẹ̀rí pé mo rán an dáadáa. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọjà Igbó, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dé láti ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ń rá lórí ẹní. Mo kọ́kọ́ yọ gáùn kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó fi bo imú, ó sì fi ọwọ́ tọ etí aṣọ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó mú aṣọ tuntun dání láti ìgbà tí èyí tó kọ́kọ́ dé ti lọ. Mo wá gbé ọmọlángidi náà jáde.

Ó nawọ́ gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé lọ sábẹ́ ọrùn ọmọlángidi náà, bí a ṣe ń gbé ọmọ tó sùn. Ó tẹ orí ba, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èémí ló ń wá.

"Bó ṣe rí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn nìyí," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sì fa ìró rẹ̀ bò ó lójú.

"Jésù!" Ìyá ọkọ rẹ̀ ti dìde. "Kí lo gbé wá sílé yìí? Ìwọ tó kàwé yìí! Kí lo gbé wá?"

Ọmọ ti rá dé ibẹ̀, ó ń fa ìró náà. Ẹ̀gbọ́n mi já a gbà sókè tó fi bú sẹ́kún.

Mo ti rí ère ìbejì rí, ní Ọ̀yọ́, nílé àwọn àgbà kan. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ bí mélòó kan lọ. Ojú àgbà ni wọ́n gbẹ́ fún un, ó là kedere, ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ti dàgbà. Mo máa ń rò pé àwọn agbẹ́gilére náà kò mọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe rí ni. N kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n, pé torí wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọn kò ṣe gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá kò lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá èémí lẹ́nu irú ère yẹn. Ìyá mi náà ti rí i nígbà tó ní ó tóbi. Èmi ni mo fi ìwọ̀n aṣọ dá a lóhùn.

Ìyá ọkọ rẹ̀ bọ́ gáùn lára ọmọlángidi náà, ó sọ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ìyókù jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ̀ lé e. Èmi ni mo fi bíléèdì tú u, nítorí èmi ni mo mọ ibi tí mo ti dí i. A da ègé aṣọ àti fóòmù sínú garawa. Nígbà tí a ṣe tán, ó ní, "Lọ fọwọ́."

Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ gáùn kan fún ọmọ náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú èkejì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ̀n ọ́n, ó wò ó, ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà lé orí ti àkọ́kọ́. Apá rẹ̀ há. Ọmọ ń ké, ó ń na ìka, ẹ̀gbọ́n mi rọra ń fa ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú ọwọ́ aṣọ.

Ọkọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo ọmọ tó wú bí ìrọ̀rí. "Ṣé òtútù mú un tó báyìí ni?"

"Aṣọ wọn ni," ni ẹ̀gbọ́n mi fèsì.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan, kò bọ́ èkejì.

Ikọ́ náà lọ. Àwọn ènìyàn ní ara Ìyá Ìbejì ti ń balẹ̀, nítorí ó ti ń wọṣọ fún ọmọ. Mo mọ̀ pé ọmọ ń móoru. Ju ìyẹn lọ, n kò lè sọ. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ooru dé, aṣọ méjì náà ló ṣì ń wọ̀ fún un. Ooru sú sí ọmọ náà lọ́rùn àti lábẹ́ apá, ó ń fi èékánná ya ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pè mí pé kí n wá bá a sọ̀rọ̀, pé ó lè gbọ́ tèmi nítorí èmi ni mo rán an.

Mo lọ. Mo jókòó tì í lórí ẹní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀. Ooru yìí pọ̀ jù."

Kò bínú. Ó gbé ọmọ sí wa láàárín, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀yìn aṣọ òkè, ó tú ti ìsàlẹ̀, kí n lè rí méjèèjì. Ọrùn ọmọ pupa.

"Èwo ni kí n bọ́?" ó bi mí.