Lìádì Tó Ń Fi Obì Di Ẹnu Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá rí Lìádì, kóòṣì àwọn ọmọ wa, létí pápá wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ó pè é ní wọ̀bìà. Tí àwọn ọmọ bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, obì ni yóò kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á ní Sábó. Òun ní òun fi ń di ẹnu òun ni, kí òun má baà pariwo lé ọmọ lórí. Lójú tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá ń pàṣẹ fún kò ní í fi ojú ara rẹ̀ rí àyè láéláé. Tí ọmọ bá ṣe àṣìṣe, ó di ìgbà ìsinmi kó tó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

Èmi ìyá Fàtíà, mo bínú sí obì yẹn gan-an. Ìdíje mẹ́ta ni wọ́n ti na àwọn ọmọ wa. Àwa òbí wá kó ara wa jọ, a ní bí wọn ò bá na ẹgbẹ́ Ibido lọ́jọ́ Sátidé, a ó gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní sáà kan sí i. Iṣẹ́ tíṣà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ yìí nìkan ló kù mí kù."

A kọ etí ikún sí i. Ojú ń tì mí di òní.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀mì ni wọ́n ń ta. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Fàtíà. Ó fẹ́ gbé e gba àárín ẹni méjì kọjá, bó ṣe máa ń fi bọ́ọ̀lù dárà. Mo wo Lìádì. Ó tu obì sílẹ̀.

"Fàtíà! Gbá a síwájú! Mo ní kó o gbá a!"

Ó gbá a síwájú, Ṣìkẹ́mi sì jù ú sáwọ̀n. Láti ìgbà náà, Lìádì ò dákẹ́ mọ́: "Padà! Dúró! Lé e!" A borí. Àwọn bàbá gbé e lé èjìká, ó ń sunkún, èmi òmùgọ̀ sì rò pé ayọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, níbi ìgbáradì, bọ́ọ̀lù tún dé ẹsẹ̀ Fàtíà. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ pápá. Gbogbo àwọn yòókù náà dúró, wọ́n ń wo ibẹ̀.

"Kóòṣì, kí ni kí n ṣe?"

"Ohun tó bá wù ẹ́ ni, ọmọ mi."

Kò kúrò lójú kan.

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi, sà."