Igi tí Télọ̀ Ń Gé Létí

Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún mẹ́rìnlélógójì rán aṣọ. Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ojú rẹ̀ kì í gba ohun tó bá wọ́. Bí àwòrán bá wọ́ lára ògiri ilé ẹlòmíràn, á kọ́kọ́ tún un ṣe ná kó tó kí onílé.

Igi pómégíránétì kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbìn ín lọ́dún tó kú gan-an, ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Igi náà kò so rí, kódà kò yọ òdòdó kan ṣoṣo. Nígbà òtútù, ewé rẹ̀ á wọ́ dànù tán, á wá dúró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló sọ ojú abẹ níkòó.

"Bàbá, igi yìí ti kú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé táǹkì omi sí. Oṣù méjì sí i, bírìkìlà á dé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti kú?"

"Òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń sọ ọ́."

"Bó bá yọ òdòdó ńkọ́?"

"Bó bá yọ òdòdó kí bírìkìlà tó dé, màá wá ibòmíràn fún táǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ rán òdòdó aláṣọ mọ́ ọn o. Mo mọ̀ yín."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ibo gan-an ni ewé ń gbà jáde lára igi gbígbẹ? Ó so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kan tó wà lápá ojú fèrèsé, ó mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ó sì ń lọ sídìí igi náà láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó rí kókó kéékèèké, méjì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" ó bi ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n là. Ewé tó jáde pọ́n bíi bàbà. Ó rò pé àìsàn ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n di aláwọ̀ ewé tó ń dán, àwọn tuntun tó wà lókè nìkan ló ṣì pọ́n. Ọ̀mùnú orí ẹ̀ka náà ń gùn sí i: ínṣì kan, ínṣì méjì àbọ̀, ínṣì mẹ́rin.

Nígbà tó yá, igi náà hu jágajàga. Ojú Télọ̀ kò gbà á. Bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo etí rẹ̀ dọ́gba bí ẹni gé etí síkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ka olówùú pupa nìkan ló dá sí, kí ìwọ̀n tó ń wọ̀n má bàa bàjẹ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí bírìkìlà dé, ohun pupa kan yọ lórí ẹ̀ka olówùú náà, níbi tí ọ̀mùnú parí sí. Ó le bí ìlẹ̀kẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó là, ó hun jọ bí aṣọ tí wọn kò tíì lọ̀. Télọ̀ wo àwọn ẹ̀ka tó gé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan lórí wọn. Ó jókòó sórí garawa. Orí ẹ̀ka ni òdòdó ń gbé, orí náà ni òun sì ti ń gé dànù láti ọjọ́ yìí wá.

Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ kan òdòdó, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá òwú wà níbẹ̀.

"Kì í ṣe aṣọ," ni Télọ̀ wí. "Èmi ni mo ń gé e lórí. Lọ́dọọdún. Ó ń wọ́ lójú mi."

"Àṣé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà." Ó na ọwọ́. "Ẹ mú sísọ́ọ̀sì yẹn wá."

"Irinṣẹ́ mi ni."

"Ẹ ti fẹ̀yìn tì, Bàbá. Ẹ mú un wá."

Ó mú un fún un.

Bírìkìlà dé lọ́jọ́ tó dá, ó gbé táǹkì sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Táǹkì náà tẹ̀ sápá òsì díẹ̀. Télọ̀ rí i. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.