Wákàtí Mẹ́ta tí Wọ́n Fún Shakirat

Oyigbo ni wọ́n bí Shakirat sí, níbi tí iná gáàsì tí àwọn elépo ń jó kì í jẹ́ kí òru ṣú dáadáa. Àlímì, bàbá rẹ̀, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta táyà níbẹ̀, a máa sọ pé ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó mọ̀ pé ìràwọ̀ ju mélòó kan lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ ṣe Iléyá nílé lọ́dún náà ni ọmọ gbójú sókè lálẹ́, tí ó sì figbe ta. Inú ló bí i. "Ta ló kó wọn pa mọ́ fún wa?" ni ó ń bi bàbá rẹ̀.

Ìbínú náà ló di iṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, Shakirat ti di olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì kan ní Port Harcourt, ó sì ti yan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, tí ara ń mọ̀ bí ooru, ní ààyò. Ìràwọ̀ kan wà tí eruku bò mọ́lẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń la eruku náà jáde. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ̀wé sí àwọn tó ni awò ńlá kan tí a fi ń wo ìràwọ̀ lórí òkè láàárín òkun Pàsífíìkì, kí wọ́n tó fún un ní wákàtí mẹ́ta. Bí ilẹ̀ bá ṣú lọ́dọ̀ tiwọn, ilẹ̀ mọ́ ní tiwa. Nítorí náà, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án títí di mẹ́sàn-án ààbọ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti máa darí ẹ̀rọ tí ń tú ìmọ́lẹ̀ sí ìlà-ìlà. Bí wákàtí náà bá ṣòfò, ẹnikẹ́ni kò ní fún un ní òmíràn.

Ẹ̀rọ náà ní ìwà tirẹ̀. Bí awò bá ti yí, irin inú rẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ a sì sún kúrò láyè rẹ̀. Nítorí èyí, ẹni tó bá ya àwòrán ìràwọ̀ tán kò gbọdọ̀ tíì yí awò. Àtùpà inú ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ tàn, tí yóò sì yà níbẹ̀ gan-an, torí ìlà àtùpà la mọ̀ dájú. Òun ni òṣùwọ̀n. Ìràwọ̀ tí a yà láìya àtùpà dà bí gàrí tí a wọ̀n láìmọ bí kóńgò ṣe tóbi tó.

Ohun gbogbo ń lọ geere títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Dagogo, tí ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Shakirat ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dúrósinmí, olórí ẹ̀ka, bá wọlé pẹ̀lú olóyè kan tí ó ti ṣèlérí láti kọ́ ilé ìwòràwọ̀ fún wọn. Shakirat dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Kí ó tó nàró, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó sórí àga rẹ̀.

Ìdìde yẹn ni àṣìṣe rẹ̀.

Olóyè náà tẹjú mọ́ ìlà funfun tín-ín-rín tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Na this thread una dey call star?" Ó rẹ́rìn-ín. "Prof, show me that one wey wear ring."

"Kíá ni, Olóyè." Ọ̀jọ̀gbọ́n fa makirofóònù mọ́ra, ó sì sọ fún obìnrin tí ń yí awò lórí òkè lọ́hùn-ún pé kí ó kọjú rẹ̀ sí ìràwọ̀ olórùka.

"Sà, a ò tíì ya àtùpà!"

"Àtùpà, àtùpà! A ó yà á tó bá yá. Ṣé kí n mú àlejò wá kí n ní kó máa wo òwú ni?"

"Tí awò bá yí, kò sí 'tó bá yá' mọ́ sà. Gbogbo ohun tí mo yà láti àárọ̀ di pàǹtí."

"Èmi lò ń kọ́ ní físíìsì? Èmi tí mo kọ́ ọ?"

"Prof, abeg," Dagogo dá sí i, "na she get the time o."

"Dagogo, go and face your generator!"

Ọdún mẹ́ta, nítorí òrùka! Shakirat na ọwọ́ kọjá èjìká ọ̀gá rẹ̀, ó gba makirofóònù, ó ní kí awò dúró, kí wọ́n tan àtùpà.

Obìnrin orí òkè bèèrè pé àṣẹ ta ni òun yóò tẹ̀ lé.

"Orúkọ ta ló wà nínú ìwé?" ni Shakirat fi dá a lóhùn. Àtùpà tàn. Ó wá yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ dìde lórí àga mi, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ dìde."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dìde. "Ìyá rẹ kò kọ́ ọ."

"Ó kọ́ mi. Òun ló jẹ́ kí n dìde kí yín."

Olóyè náà ti ń wá ọ̀nà ìta. Shakirat kò wẹ̀yìn. Ó ya àtùpà fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ya ìràwọ̀ mìíràn tí a ti mọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó, kí ó lè fi wọn tirẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ títí àkókò fi pé.

Lọ́jọ́ Ajé, ìwé ẹ̀sùn dé: kí ó ṣàlàyé ìwà àfojúdi rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ìlà mẹ́ta péré ni ó kọ padà. *Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá: Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí awò yí. Ìṣẹ́jú méjìlá: ẹni tó ni wákàtí ní kí ó dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá: àtùpà tàn.*

Ìyáàfin Abọ́sẹ̀dé, akọ̀wé ẹ̀ka, kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ha, Shakirat, fi 'ẹ forí jì mí' kún un. Gbólóhùn kan péré! Bàbá yẹn á rọ̀."

"Ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí i, mà."