Dídán, Kámẹ́rà Rẹ̀ àti Ojú Ìyá Wa

Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe ń nu lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀ máa ń rí mi lára. Á kọ́kọ́ fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, á mí sí i, á wá fi aṣọ pélébé kan nù ún, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, ẹnu á là sílẹ̀ bí ẹni tó ń gé èékánná ọmọ tuntun. Ọkùnrin yìí kan náà ni kì í fọ abọ́ tó fi jẹun.

Dídán là ń pè é, nítorí fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá wọ sítúdíò rẹ̀, ìyẹn yàrá iwájú ilé wa tó gbà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ní rorẹ́, bó ní àpá, dídán ni yóò dán tó bá dé inú fọ́tò. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," á ní, á sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa fọ ojú olójú. Lẹ́ńsì mẹ́ta ló ní: gígùn kan tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, kúkúrú kan fún ojú èèyàn, àti ọ̀kan tó lè ya ẹsẹ̀ kòkòrò títí wàá fi rí irun ibẹ̀. Àpótí tí omi kò lè wọ̀ ló ń kó wọn sí, nítorí ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kí inú lẹ́ńsì bu bíi búrẹ́dì. Yàrá Màmá ń jò, àpótí lẹ́ńsì kò jò. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ọmọ ìyá mi ni, n ò lè tà á.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sì ń wẹ Màmá. Ojú wọn ti ṣe bàìbàì, jíǹgí kò wúlò fún wọn mọ́. Fọ́tò ńlá tí Dídán yà wọ́n, tó gbé kọ́ ara ògiri, ni wọ́n máa ń sún mọ́ títí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Mo ṣì lẹ́wà," wọ́n á ní, a ó sì rẹ́rìn-ín.

Àmì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, ohun tí èèyàn sì ń rí lójoojúmọ́, èèyàn kì í mọ ìgbà tó ń dàgbà. Mo ní ká lọ fi han dókítà, Màmá kọ̀.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Àmì tí kò sí nínú fọ́tò, ṣé àmì nìyẹn?"

Dídán wà níbẹ̀, ó ń dé lẹ́ńsì rẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí àmì náà ṣẹ̀jẹ̀ sára tówẹ̀lì. N ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, mo wọ bàtà sí Màmá lẹ́sẹ̀, ó di ọsíbítù. Dídán tẹ̀ lé wa, kámẹ́rà lọ́rùn.

Dókítà, obìnrin kan tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, tan iná sí i, ó wò ó títí.

"Ṣé bó ṣe tóbi tó tẹ́lẹ̀ nìyí, àbí ó ń dàgbà? Ṣé ẹ ní fọ́tò wọn àtijọ́? Tí kò bá sí, ẹ ó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ká lè fi wé ti òní. Ṣùgbọ́n tó bá ń dàgbà, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, a ò gbọ́dọ̀ dúró."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ pé a ní ayàwòrán nílé. Mo ní, "Ọmọ wọn rè é, ọdọọdún ló ń yà wọ́n."

Mo gba fóònù ọwọ́ Dídán, tó kó wọn sí, mo ń wo fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn. Màmá lọ́dún yìí, Màmá lọ́dún tó kọjá, Màmá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán bí àwo. Kò sí àmì, kò sí ìlà kankan.

"Èyí tó ò tíì tún ṣe ńkọ́?"

"Mo ti pa wọ́n rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Káàdì kámẹ́rà tètè máa ń kún. Tí mo bá ti tún un ṣe tán, mo máa ń yọ tàkọ́kọ́ dànù."

Mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo aáyán tó kú sínú omi mímu. Ẹni tó ní lẹ́ńsì tó ń ya irun ẹsẹ̀ kòkòrò! Mo yí ojú sí fèrèsé.

Dókítà ti ń sọ oṣù tí a máa padà wá nígbà tí Dídán lanu.

"Ó ń dàgbà, mà."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Èmi ni mo ń yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò. Níbẹ̀rẹ̀, mo kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á lọ. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ìyẹn mọ́. Lọ́dún yìí, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì ni mo gé wá bò ó."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní Màmá ò ní padà sílé lónìí, wọ́n máa gé àmì náà kúrò, àfàìmọ̀ kó má kan lára imú.

Màmá yíjú sí ibi tí ohùn ọmọ wọn ti wá. Wọ́n ń fi ìka wá ẹ̀gbẹ́ imú wọn kiri.

"Lọ́jọ́ tí mo sọ pé àmì yìí kò sí nínú fọ́tò," wọ́n ní, "ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín, Màmá."