Alukoro Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbà Síṣẹ́

Mo rántí ìgbà tó dá mi lójú pé láti Ìdó-Ọ̀ṣun títí wọ Iléṣà, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa fóònù tó mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Èmi ni atọ́kùn ètò ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo, ààbọ̀ wákàtí láràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ a yí rédíò wọn sókè, àwọn èrò a dákẹ́, ohùn mi a sì máa ṣàlàyé ayé tuntun fún wọn. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì fúnra mi, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé ṣé ó máa dé Àbẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan lè dá ohùn mi mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń dá a mọ̀. Màá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ní ohùn tó ga díẹ̀ sí i.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun tó ń ṣe fóònù. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ilé-iṣẹ́ Ńlá, torí bí mo ṣe máa ń pè é lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn, tìfẹ́tìfẹ́, bí ẹni ń ki bàbá ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún kan, wọ́n pe àwa oníròyìn sí Èkó pé ká wá wo fóònù tuntun wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá sí tutù débi pé mo ń wọ kóòtù jẹun. Alukoro wọn, arábìnrin kan tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, di ọwọ́ mi mú, ó ní òun kì í fi ètò mi ṣeré, pé òun máa ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ rò ó wò o: Èkó ló ń gbé, rédíò wa kì í sì í dún dáadáa kọjá Gbọ̀ngán. Mo gbà á gbọ́. Ó fún mi ní fóònù tuntun kan, ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn, kí n kàn máa dán an wò ni. Mo dán an wò fún odidi ọdún méjì.

Nígbà tí mo padà dé, ahọ́n mi ti yí. Ilé-iṣẹ́ Ńlá a fi ìwé ránṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, màá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, màá fi iyọ̀ sí i, màá wá kà á bí ẹni pé èmi ni mo ṣèwádìí rẹ̀. Bí fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn bá kọṣẹ́, gbogbo ààbọ̀ wákàtí ni màá lò lé e lórí, màá pè é ní jàǹbá. Bí ti Ilé-iṣẹ́ Ńlá bá kọṣẹ́, "ìpèníjà kékeré" ni, màá sì yára fi orin sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé, "Ilé-iṣẹ́ wa tún ti gbé tuntun dé." Ọ̀gá ìròyìn wa, màmá kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò.

"Ìwọ àti ta ni 'wa'?"

"Àṣìṣe ẹnu ni, mà."

"Kì í ṣe ẹnu. Ẹnu kọ́ ni wọ́n fún ní fóònù."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ilé-iṣẹ́ Ńlá fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sórí àwọn fóònù rẹ̀, irú èyí tí fóònù máa ń gbà láti orí ayélujára, tí á sì kéde pé òun ti di tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Fóònù ń gbóná bí ààrò. Bátìrì tó ń gbé e dálẹ́ tẹ́lẹ̀ ń kú ní ọ̀sán gangan. Mo gba àwọn olùgbọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín fíìmù wíwò kù.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan gbéra láti Iléṣà. Atúnfóònùṣe ni, ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló sì ti ń tún ṣe kí fóònù tó dóde. Ó gbé àpò ìrẹsì kan dání. Fóònù mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ó ti lẹ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ fún un pé ọwọ́ mi dí. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní ọmọ Òṣómàáló ni òun, òun ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá fojú kàn mí. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ló jókòó. Agogo kan ọ̀sán ni mo jáde, torí ebi ń pa mí.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," ni ó wí. "Mi ò bá ìjà wá. Mo kàn fẹ́ kí o wò wọ́n ni. Mi ò tíì ṣí ìkankan nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó gba nǹkan tuntun yẹn. Èmi náà ní irú ẹ̀ kan tí kò tíì gbà á, kò gbóná. Ó ń bẹ lápò ẹ̀wù mi níbí. Fọwọ́ kan èyí, kí o wá fọwọ́ kan ìyẹn."

Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ẹ ṣeun, sà. A máa ṣèwádìí," ni mo wí. Ìwádìí tí mo ṣe ni pé mo pe alukoro ní Èkó. Ohùn rẹ̀ dùn létí. Ó ní bátìrì ayédèrú ló fà á, àti àwọn atúnfóònùṣe tí wọn ò kọ́ṣẹ́ yanjú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì jọ iṣẹ́ ìròyìn lójú mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo sọ ọ́ fún gbogbo ayé. "Àwọn atúnfóònùṣe ẹ̀bá títì ló ń ba fóònù yín jẹ́," ni mo wí. "Bàbá kan tilẹ̀ kó tirẹ̀ sínú àpò ìrẹsì wá bá wa láti Iléṣà. Ẹ̀yin ará wa, ṣé ó fẹ́ tún un ṣe ni àbí ó fẹ́ sè é?" Àwàdà náà dùn mọ́ èmi fúnra mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún un dá kí ètò tó parí.

Mi ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ìrẹsì yẹn ti tó orúkọ ní Iléṣà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn tó pọ́n, àwọn èèyàn ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá láti gba fóònù wọn padà, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ kí i. Àwọn awakùsà tí ń wa wúrà ní Iperindo, tí wọ́n máa ń gbé fóònù tí ẹrẹ̀ ti wọ̀ wá bá a, bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún tún nǹkan aráàlú ṣe wá di ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ tó ń nu tábìlì.

Fóònù tí èmi náà ń dán wò ti ń gbóná lásìkò yẹn. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn Òṣogbo ni. Nígbà tó ń jó mi nítan, mo yọ ọ́ lápò ṣòkòtò. Níkẹyìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sínú fíríìjì ọ́fíìsì, láàárín ìgò omi méjì, kí n tó wọ sítúdíò. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá ìròyìn ṣí fíríìjì náà láti mú omi, ó bá fóònù tó ń dún nínú rẹ̀. Ó gbé e wá bá mi.

"Alukoro rẹ ń pè ọ́. Òtútù ti fẹ́ pa á."

Mo ní mo kàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

"Bàbá Iléṣà gbé mọ́kànlá wá, o ò wò wọ́n. Ìkejìlá rèé. Kí lo rí?"

Kò pẹ́ sí i tí Ilé-iṣẹ́ Ńlá jẹ́wọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni, ní ọjọ́ Sátidé, ní kọ̀rọ̀ kan lórí ìkànnì wọn, níbi tí àfi ẹni tó bá ń wá a lójú méjèèjì ló lè rí i: àtúnṣe yẹn ní àbùkù, òmíràn ń bọ̀. Alukoro ò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀gá ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó gbé e sórí tábìlì mi, ó ní, "Túmọ̀ èyí náà. Má fi iyọ̀ sí i." Mo sáré kà á láàárín ìpolówó àti orin, mi ò sì mẹ́nu ba bàbá rárá. Àwọn olùgbọ́ ò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè, wọ́n bú mi, wọ́n ní ó hàn gbangba pé wọ́n ti san owó fún mi. Èyí dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún mi. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ojú tì mí, tí mo sì lọ bẹ bàbá, ẹ ò mọ irú ọmọ tí mo jẹ́. Inú ló bí mi. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo di ọ̀tá Ilé-iṣẹ́ Ńlá. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, àwọn ni. Bí ẹnì kan bá ń wá àwòrán rẹ̀, wọ́n ti jí i. Àwọn olùgbọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní mo ti lajú, mo ti di ẹni tí kì í ṣègbè. Àwọn awakọ̀ tún yí rédíò sókè. Nínú bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan dá ohùn mi mọ̀ kí n tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dìde fún mi kí n jókòó. Mo jókòó.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí yàrá aránṣọ kan jóná ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹnì kan pè mí, ó ní fóònù Ilé-iṣẹ́ Ńlá tó wà lórí ṣáájì ló fa iná náà. Ọ̀kadà ò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ọ́fíìsì wa débẹ̀. Mi ò lọ. Mo kígbe rẹ̀ lórí rédíò pé fóònù wọn ti ń jó wa mọ́lé. Nígbà tí mo rí i pé ó dùn mọ́ àwọn èèyàn, mo tún gbé e padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, mo sì ní kí àwọn olùgbọ́ pè. Ìpè kẹta jẹ́ ohùn àgbàlagbà kan.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni bàbá àpò ìrẹsì."

Mo rò pé ó wá dara pọ̀ mọ́ mi ni. "Bàbá wa! Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn!"

"Ṣé o ti rí fóònù tó jó ilé yẹn?"

"Sà?"

"Fóònù náà. Ṣé o ti fojú kàn án?"

"Ó ti jóná, sà."

"Kò jóná. Òun ni mo fi ń pè ọ́."

Ní gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ohùn bàbá ni àwọn èèyàn ń gbọ́. Bàbá ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní irú fóònù náà mélòó kan ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ohun tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ba òun lẹ́rù, òun bá wọ mọ́tò wá sí Ìdó-Ọ̀ṣun láti wò ó. Inú báàgì ni fóònù aránṣọ wà nígbà tí iná sọ. Áyọ́ọ̀nù ni aránṣọ fi sílẹ̀ lára iná mànàmáná nígbà tí wọ́n mú un lọ, ó jáde, wọ́n sì dá iná mànàmáná padà kó tó dé. Aránṣọ gba fóònù náà lọ́wọ́ bàbá, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tún gbà á.

"Àwọn èèyàn yẹn ṣẹ̀ mí," ni ó wí. "Ìwọ náà ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n iná yìí kì í ṣe tiwọn. Má purọ́ mọ́ wọn nítorí mi."

Ọ̀gá ìròyìn gba ètò náà lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò gbọdọ̀ ṣú kí n má tíì dé Iléṣà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù bàbá, mo bá fóònù kan ṣoṣo lórí tábìlì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, epo wà nílẹ̀ ibẹ̀," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí o ní èmi ni mo jẹ̀bi, o ò wo fóònù. Lọ́jọ́ tí o ní àwọn ni, o ò wo fóònù. Jókòó."

Ó na irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí fóònù sí mi. Mo lo Sátidé yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì padà lọ ní Sátidé márùn-ún mìíràn. Mo ba fóònù kan jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọjọ́ yẹn ni atúnfóònùṣe tí kò kọ́ṣẹ́ yanjú, tí mo ti pariwo rẹ̀ lórí rédíò, wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n dá ètò padà fún mi, odidi ààbọ̀ wákàtí ni mo fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, mo sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an. Èèyàn méjì ló pè. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí n bá òun fi orin kan sí i. Láti ìgbà náà, ètò mi kò dùn mọ́. Mo máa ń sọ pé, "Mo ti wò ó, mi ò sì tíì mọ̀," gbólóhùn tí kò sí awakọ̀ kan tó lè torí rẹ̀ yí rédíò sókè. Díẹ̀díẹ̀, àwọn awakùsà padà sọ́dọ̀ bàbá. Kì í ṣe gbogbo wọn.

Lónìí, èmi ni mò ń yẹ ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ oníròyìn wa wò kó tó jáde. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ìwé ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn Ilé-iṣẹ́ Ńlá àti èyí tó kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n dá sí i, mo máa ń béèrè ẹni tó ti fọwọ́ kan fóònù náà nínú wọn. Wọ́n ti ń sá fún ìbéèrè yẹn báyìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni.

Ní ọdún tó kọjá, mo wà ní Iléṣà, obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń wá ẹni tí yóò bá a tún fóònù ṣe. Mo tọ́ka ṣọ́ọ̀bù bàbá sí i. Ó mirí, ó ní òun ti gbọ́ nípa bàbá yẹn lórí rédíò tipẹ́tipẹ́, ó máa ń ba fóònù jẹ́ ni. Mo ní irọ́ ni. Mo ní èmi gan-an ni mo sọ ọ́ lórí rédíò, mo sì ti tọrọ àforíjì. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́," ni ó wí. "Ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ ohun tó ń sọ."

Ó gbé fóònù rẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá kọjá.