Ẹni Tó Ń Fara Pa fún Ìlú

Bí wọ́n bá ní kí àwọn èèyàn wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú wa, gbogbo wa la fẹ́ wọ ẹ̀wù pupa, gbogbo wa la fẹ́ máa pàṣẹ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ to àga. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Olùyọ̀ǹda Ara Ẹni wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní gbọ̀ngàn ìlú bí a ṣe ń dóòlà ẹni tó fara pa, ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ló fẹ́ dóòlà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Opó aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló nàwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi fara pa."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Màmá Afarapa.

Mo rí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, yóò wọ gáùn ògbólógbòó kan, wọn yóò fi ọ̀dà pupa kùn ún lójúgun. Yóò ké, "Ẹsẹ̀ mi o! Ẹ gbà mí o!" Lẹ́yìn náà ni yóò pa ẹnu dé, tí gbogbo ara rẹ̀ yóò sì rọ jọwọrọ. Alága ẹgbẹ́, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, yóò wá máa rìn yí i ká. "Ẹni tó ń ké, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀," ni alága máa ń wí. "Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré bá." Wọn yóò fi sísọ́ọ̀sì la ẹsẹ̀ gáùn náà, wọn yóò fi báńdéèjì di ojúgun rẹ̀, wọn yóò fi kúbùsù bò ó, wọn yóò sì gbé e yí gbọ̀ngàn ká. Òfin ẹgbẹ́ ni pé afarapa kò gbọdọ̀ dìde àyàfi tí alága bá fọn fèrè. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ a dùn mọ́ alága lẹ́nu, a gbàgbé fèrè. Màmá kì í rán an létí. Bó bá délé, yóò jókòó ti maṣíìnì, yóò rán gáùn náà padà de oṣù tó ń bọ̀.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń rí níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n máa ń di orí mi mú." Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà lọ́nà jíjìn. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fi téèpù wọn àyà àti ìdí àwọn èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan òun. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Àfi ìgbà tí olówó kan fún ẹgbẹ́ ní ọmọláǹgidi onírọ́bà tó ga tó èèyàn. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ láyà dáadáa, á dún kọ̀.

Alága ní, "Màmá, ẹ ti bọ́. Ẹ lọ sinmi."

"Ṣé mi ò ní dùbúlẹ̀ mọ́ rárá ni?"

"Kí lẹ fẹ́ dùbúlẹ̀ ṣe? Eléyìí ò wúwo, kì í sì í rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú ìdóòlà, ní aṣọ nìkan ni ọmọláǹgidi náà kò ní. Ni wọ́n bá ní kí Màmá mú gáùn rẹ̀ wá. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó mú un wá. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún rọ́bà.

Ẹni tí à ń wò kì í wòran, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wo Màmá mọ́, òun náà di òǹwòran lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ní Sátidé kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọláǹgidi náà, ó di ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Alága fà á dìde ní apá. "Ẹ má sọ wá di ẹlẹ́yà o, Màmá."

Ìdí nìyẹn tó fi rí bó ṣe rí lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́. Mo wà níbi iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì tíì rẹ́rìn-ín tán. Màmá ru aṣọ tí wọn yóò fi bo àga, tó rán lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń lọ sí gbọ̀ngàn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ṣubú sí. Kò ké rárá.

Onígbàjámọ̀ jáde pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́. "Ó tún ti dé! Màmá, tòní kọ́ o, a ní àlejò!"

Àwọn obìnrin méjì tó wọ ẹ̀wù pupa ẹgbẹ́ dúró. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo bó ṣe yí ẹnu! Ó mọ̀ ọ́n ṣe jàre." Èkejì pàtẹ́wọ́.

Alága dé, inú rẹ̀ dùn, ó fa fèrè yọ, ó fọn ọ́n. "Ó ti parí, Màmá! Ẹ dìde!" Ó tún un fọn. Màmá ò mira.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni alága wí. "Bí kò bá rí òǹwòran, á dìde fúnra rẹ̀."

Wọ́n ṣa aṣọ àga nílẹ̀, wọ́n gbọn iyanrìn ara aṣọ náà dànù, wọ́n sì kó o lọ, torí àlejò ń bọ̀.

Awakọ̀ tó kó omi mímu wá fún àjọ̀dún náà ló gbé e. Kì í ṣe ará ìlú wa, kò sì kọ́ ìdóòlà rí láyé rẹ̀. Arúgbó kan ló rí nínú oòrùn, ló bá gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọsibítù. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

Kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú ló rọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ tí alága àti onígbàjámọ̀ wá kí i nílé. Mo ń retí kí wọ́n tọrọ àforíjì. Alága wo maṣíìnì tí a ti faṣọ bò, ó wúkọ́.

"Màmá, ọmọláǹgidi yẹn ti bàjẹ́. Kò dún mọ́. A wá rò ó pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti rí báyìí... ó dáa kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rí bí ti gidi ṣe ń rí."

Inú bí mi, mo gbé àwo kalẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń mi orí sí wọn.

Ó ní, "Sátidé?"

"Sátidé ni, Mà."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó na ọwọ́ òsì sí alága. Ọ̀rọ̀ ò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, a ní láti dúró dè é.

Ó ní, "Ẹ má... tètè fọn fèrè."