Kílọ́ọ̀ṣì Tó Ń Jó Láàárọ̀ Ọyẹ́

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé mi ò rí òrùlé ilé tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Eruku ti bo páànù, ó bo ewé ìbẹ́pẹ, ó sì bo aṣọ tí mo gbàgbé sórí okùn láti àná. Èéfín iléeṣẹ́ tó máa ń ti ọ̀nà Sango wá sí Ìjù níbí kò gòkè. Inú kùrukùru náà ló jókòó sí. Mo fi òrí pa ètè mi, mo fi pa ẹsẹ̀ bàbá, ọkọ mi. Mo gbé àga wọn síta, síbi tí oòrùn máa kọ́kọ́ kàn tó bá yọ, mo sì mú wọn jókòó.

"Ṣé kí n gbé e wá?" mo bi wọ́n.

"Kí lo tún ń bi mí sí? Gbé e wá."

Ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ o. Kò gùn ju apá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ́ńjìnnì gidi tó ń mu epo, tó ń tú èéfín, tó sì ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀ tí inú ń bí. Rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ láti orí ìjókòó. Àkọ́bí wa ló rí i nínú ẹrù tòkunbọ̀, ó ní kí bàbá òun máa fi ṣeré.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ohun tó yí ọkàn mi padà rèé. Àrùn ẹ̀gbà kọlu bàbá, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì sùn. Obìnrin kan ní ọsibítù fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré pé kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́ láràárọ̀. Bàbá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo obìnrin náà. "Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, bọ́ọ̀lù ni kí n wá máa gbá?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni bọ́ọ̀lù yẹn wọ̀, kò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n rìmóòtù ọkọ̀ yìí ní ohun tí wọ́n ń fà bí ẹni fẹ́ yìnbọn. Bí wọ́n bá fà á, ọkọ̀ á sáré. Bí wọ́n bá tì í síwájú, bíréèkì á mú un. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe é fún. Díẹ̀díẹ̀, ìka tó ti sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń fa okùn tó ń jí ẹ́ńjìnnì, àwọn ni wọ́n ń darí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo fa okùn, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọkọ̀ sáré dé ìdí ìbẹ́pẹ, bàbá sì dá a dúró kí àwọn ewúrẹ́ kọjá. Ewúrẹ́ ò yára. Kí wọ́n tó kọjá tán, èéfín ti ń jáde níkùn ọkọ̀, kì í ṣe ti ìdí rẹ̀ tí a mọ̀. Nígbà tí bàbá tún fà á, ẹ́ńjìnnì ké, táyà ò yí. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti bẹ́líìtì tó ń jó. Mo mọ òórùn yẹn dáadáa, torí ẹ̀rọ ìlọta ni mo fi tọ́ ọmọ ní Sango kí orúnkún tó ní kí n lọ jókòó.

Bàbá gbé rìmóòtù lé itan. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ ìbora. Tí ọkọ̀ yìí bá kú, ọwọ́ yẹn á padà sùn.

Ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níwájú ilé wa ti gbọ́ òórùn náà.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ọkọ̀ yín ti ń mu sìgá ni?"

"Ìwọ lo kọ́ ọ," bàbá dá a lóhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé irinṣẹ́ wá. A dúró kó tutù, ó tú u. Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó. Ó fi inú rẹ̀ hàn mí: bàtà kéékèèké tí sípíríǹgì so mọ́ra, àti ife irin tó bò wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré, bàtà á nà síta, á di ife mú, táyà á yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀, bàtà á padà sílé. Iná ti sọ ife náà di aláwọ̀ aró.

"Òróró rèé," ó ní. "Ta ló da òróró sí kílọ́ọ̀ṣì?"

Mi ò béèrè. Iṣẹ́ bàbá ní iléeṣẹ́ kan ní Agbara, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ni kí wọ́n máa fún ẹ̀rọ lóróró. Nílé wa, ohunkóhun tó bá ti dún, òróró ni. Ilẹ̀kùn, fáànù, kànga ẹlẹ́rọ. Wọ́n fún àga mi lóróró rí, ó ba ìró mi jẹ́.

"Ó ń dún," bàbá ní.

"Ẹ̀yin náà ń dún lóru," mo ní, "mi ò da òróró sí yín."

A fi pẹtiróòlù fọ òróró náà kúrò, a fi àkísà gbígbẹ nù ún, a sá a sóòrùn tó ti ń yọ. Bó ṣe rí fún bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta náà nìyẹn: tí epo bá ti kàn án, á máa yọ̀, á máa gbóná. Ọkàn mi balẹ̀. Ọkùnrin náà tò ó padà, mo fa okùn, ọkọ̀ sáré. Bàbá dá a dúró nídìí ìbẹ́pẹ. Èéfín tún yọ.

"Ìyá, ó dà bí ẹni pé ó ti lọ nìyẹn," ọkùnrin náà sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Kílọ́ọ̀ṣì tuntun ló máa gbà, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á." Oníbàárà ń pè é, ó lọ.

"Mú mi wọlé," bàbá ní. "Ọyẹ́ yìí pọ̀ jù."

Ọyẹ́ ti ká nígbà yẹn. Oòrùn wà lára wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n jó epo inú rẹ̀ tán kí n tó gbé e pamọ́," mo ní. A kì í fi epo sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí a ò bá ní lò ó. Mo gbé ọkọ̀ náà lé ìdí odó tí mo dojú rẹ̀ dé, táyà ò kan nǹkan kan, mo sì fa okùn. Ó dáhùn. Gbogbo táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìfìrì.

"Bàbá, ẹ má fà á."

"Ta ló ń fà á? Ọwọ́ mi rèé lábẹ́ aṣọ."

"Kí ló wá ń sáré fún nígbà náà? Ẹ̀rọ tí kì í sinmi, ṣé kò ní gbóná?"

Wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wo táyà tó ń dá yí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti àárọ̀.

"Ọyẹ́ ló fà á! Òtútù ń pa ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ ìjelòó, mo wá fi ọwọ́ òsì yí síkúrù rẹ̀ wọlé kó lè máa sáré díẹ̀ tí mi ò bá tiẹ̀ fà á, kó má kú. Kò wá rọlẹ̀ mọ́. Bàtà ò padà sílé. Bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì ni bàtà ń họ ife. Mò ń na ẹṣin, mo tún ń fa ìjánu rẹ̀! Mú sùkúdíráfà wá."

Mo fún wọn, wọ́n fi òsì gbà á, wọ́n sì gbé e sí ọ̀tún. Sùkúdíráfà gbọ̀n, ó yọ̀, ó tún yọ̀. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn kó má bàa lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó wọ ojú síkúrù. Wọ́n yí i díẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì rọ̀. Wọ́n yí i díẹ̀ sí i, táyà dẹ̀, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Ó ń mí jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó sùn.

Mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ó sáré, ó dúró fún ewúrẹ́, ó tún sáré, títí epo fi tán. Mo fi itọ́ sí ìka, mo fi kan ife irin náà bí a ṣe ń dán áyọ́ọ̀nù wò. Kò ta mí. Kò dún ṣìì.

"Alihamudulilahi," mo ní, mo sì jókòó.

"Bàbá!" ọkùnrin oníjẹnẹrétọ̀ pariwo láti òdìkejì. "Ó ti jáwọ́ nínú sìgá?"

"Ó ti ronú pìwà dà!"

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó gbé ọkọ̀ jáde, mo mú agolo òróró wọn, mo lọ gbé e sẹ́yìn àpò gàrí. Lẹ́yìn náà mo bu ẹ̀wà sínú atẹ, mo gbé e lé itan wọn.

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀wà ni. Ọwọ́ tó lè yí síkúrù á lè ṣa òkúta. Ẹ ṣa á tán, màá fa okùn."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wo obìnrin ọsibítù yẹn. Mo fa àga mi sọ́dọ̀ wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á láti ẹ̀gbẹ́ tèmi.